Àgbo Tó Wà Nínú Fíríìjì Àbúrò Mi

Mi ò ní dárúkọ igi náà níhìn-ín. Kì í ṣe pé ó jẹ́ àṣírí ibi iṣẹ́ wa. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò dá, tàbí ẹni tó ní aláìsàn nílé, lè ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì lọ gbé ìkòkò ka iná. Mo ti fi ẹnu ara mi ṣe irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, lórí fóònù, ní Houston níbí. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dé ayé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí màmá wa kú, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, èmi ni mo ń dirí fún un kó tó lọ sílé ìwé. Mo ń dì í burúkú débi pé kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti kọ́ bó ṣe máa dì í fúnra rẹ̀. Bó ṣe di onídìrí nìyẹn. Èmi lọ sí yunifásítì, mo rí ànfààní láti wá kàwé sí i níbí, mo sì fi í sílẹ̀ fún bàbá wa. Ó sunkún lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó ní ṣé bí màmá ṣe lọ náà nìyí. Mo sọ fún un pé màá ránṣẹ́ sí i. Ó gbà mí gbọ́. Gbogbo ohun tí mo bá ti sọ ló máa ń gbà gbọ́.

Ọdún kẹwàá tí mo ti wà ní Houston ni òun àti ọkọ rẹ̀ rí ìwé ìwọ̀lú gbà, tí wọ́n gbé ọmọbìnrin wọn dání wá. Wọ́n gba apátímẹ́ǹtì ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa tírélà, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà kó tó padà wálé. Àbúrò mi rí àga kan gbà ní ṣọ́ọ̀bù irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé oníbàárà á ní kí òun sùn díẹ̀, kó tó jí, irun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹnu rẹ̀ náà yá. Bí mo bá yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á gbé òòyà sókè, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi tí mo máa ń sọ fún yín nìyí. Àwọn ni wọ́n ń wá oògùn jẹjẹrẹ.”

Èmi á ní, “Mi ò wá oògùn o. Mo kàn ń dán ewé wò ni.”

“Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.”

Lóòótọ́, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá wa, obìnrin ará Íńdíà kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ní àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ ní yunifásítì kan nílé. Wọ́n máa ń gbé ewé, gbòǹgbò àti èèpo igi ránṣẹ́ sí wa, ní gbígbẹ, ní lílọ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lórí gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń rẹ ẹ́, tí mo ń fún oje rẹ̀, tí mo ń dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a ń tọ́jú nínú láàbù. Nínú ogún tí mo bá dán wò, bóyá ọ̀kan ni yóò ṣe ohunkóhun. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Nígbà tí àbúrò mi rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ló fi pa á mọ́ra. Ó ní òun rò pé ó máa lọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa dààmú, pé gbogbo ọjọ́ ni mo ti ń rí jẹjẹrẹ níbi iṣẹ́, ṣé kí n tún wá máa rí i nílé ni? Dókítà sọ fún wa pé ó ti dé abíyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ibẹ̀. Wọ́n á fún un ní kímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kí kókó náà súnkì, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní ìrètí wà dáadáa. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń bọ̀, mo ń tún un sọ fún àbúrò mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a-b-d. Nígbà tí a dé iwájú ilé rẹ̀ ló ní, “Irun mi máa lọ, àbí?”

Mo ní, “Á padà hù.”

“Mo mọ̀ pé á padà hù. Onídìrí tí kò nírun ni mò ń rò. Ta ló máa jókòó síwájú mi?”

Irun rẹ̀ lọ lóòótọ́. Ó rán wíìgì fún ara rẹ̀, ó rẹwà ju irun rẹ̀ gan-an lọ, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó rán irú ẹ̀ fún àwọn náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ibi tí a jù ú sí tí kò ní fi ẹsẹ̀ balẹ̀.

Láàbù wa kò jìnnà sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jáde níbẹ̀ ní àárọ̀, ó ní òun fẹ́ rí i. Mo bi í pé kí ló fẹ́ rí. Ó ní, “Nǹkan tó ń bá mi jà. Ẹ̀yin ń rí i lójoojúmọ́, èmi tó wà lára mi, mi ò rí i rí.”

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú ẹ̀wù funfun fún un wọ̀, ó sì fi àga sí iwájú maikirosíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá. Mo gbé ìgò pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpótí tó ń móoru bí ara ènìyàn, mo gbé e sábẹ́ awò náà. Ó fi ojú sí i.

“Báyìí ló ṣe rí?”

“Báyìí ló ṣe rí.”

“Ó jọ òkúta tí wọ́n tò sí àgbàlá. Mo rò pé á burẹ́wà ni.” Ó gbé ojú kúrò. “Ara ta ni wọ́n ti mú un?”

Mo sọ fún un pé ara obìnrin kan ni, tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì. Pé sẹ́ẹ̀lì náà ń pín, ó ń pọ̀, a sì ń pín in láti láàbù dé láàbù káàkiri ayé.

“Obìnrin yẹn ńkọ́?”

“Ó ti kú.”

“Ó kú, èyí ò kú?” Ó tún fi ojú sí awò náà, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn: “Ẹ kú ìrọ́jú o, mà.” Mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà ló ń kí tàbí ara rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni èèpo igi tí mò ń sọ yìí dé. Bí mo ṣe tú àpò rẹ̀ ni òórùn rẹ̀ gbé mi padà sílé. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá wa àgbà máa ń sè é fún wa bí ibà bá mú wa, omi rẹ̀ á pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, á sì korò débi pé wọ́n á fún wa ní ìrèké mu tẹ̀ lé e. Mo rẹ ẹ́, mo fún un, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń dán an wò kò ṣòro láti sọ. A ó da sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sínú àwo pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, a ó kán oje igi sínú wọn. Ti àwọn kan á ki, ti àwọn kan á ṣàn, àwọn kan ò sì ní gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a ó kán aró kan tó pọ́n bí ìyeyè sí gbogbo rẹ̀. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti wà láàyè, yóò yí aró náà padà di elésè àlùkò. Níbi tó bá ti kú, bí ìyeyè ni yóò wà.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìlà mẹ́ta gbáko ló wà bí ìyeyè. Mo gbé àwo náà sókè sí iná. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo sáré gbé e lọ fún ọ̀gá. Ó wò ó, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dára. Tún un ṣe. Kí o sì ṣe é lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àìsàn, kí a tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.”

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mo bọ́ ẹ̀wù funfun, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí mo gbé mọ́tò mi sí, oòrùn ń pa gbogbo ibẹ̀ bí iná, mo jókòó sínú mọ́tò láìtíì tan éńjìnnì, mo sì pe àbúrò mi.

“Ó pa á!” Bí mo ṣe kí i nìyẹn. “Igi tí ìyá àgbà máa ń sè fún ibà, o rántí ẹ̀? Ó pa gbogbo ẹ̀ pátápátá!”

Mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló ké, kì í ṣe sí mi, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń ké sí: “Ẹ̀gbọ́n mi ti rí i! Ẹ̀gbọ́n mi ti rí oògùn ẹ̀!” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mo fi orí lé sìtẹ́rìn. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jẹ ìrẹsì nílé wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Bí a ṣe ń palẹ̀ àwo mọ́ ló ní, “Àǹtí mi, ẹ fún mi níbẹ̀.”

“Níbi wo?”

“Omi igi yẹn. Díẹ̀ péré ni mo fẹ́.”

Mo jókòó, mo ní kóun náà jókòó. Mo ní, “Gbọ́. Bí mo bá da bílíìṣì tí o fi ń fọ balùwẹ̀ sínú àwo yẹn, ó máa pa jẹjẹrẹ ibẹ̀. Ọtí líle máa pa á. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa pa á. Pípa á nínú àwo kọ́ ni iṣẹ́. Kó pa á, kó má pa ẹni tó ni ara, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. A ò tíì dé ibẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n ìyá àgbà máa ń fún wa mu ún. A ò kú.”

“Ife kan ni, fún ibà. Èyí tí mo fi sínú àwo ki ju ti ìyá àgbà lọ fíìfíì. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ yìí. Ó ń súnkì, àbí dókítà ò sọ fún wa?”

“Ó sọ fún wa.”

“Ṣé ó yé ọ?”

“Ó ti yé mi, Àǹtí mi.” Ó dìde, ó ń fọ àwo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀. Irú kímò tí wọ́n wá yí i sí máa ń mú kí ìka ènìyàn kú tipiri. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, ó ń gòkè bọ̀. Kò sọ fún mi. Mo ṣáà rí i pé kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo rò pé àárẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ó ti já irun lórí oníbàárà kan, pé ó fa irun náà jù nítorí pé kò mọ ohun tó dì mú lọ́wọ́, pé obìnrin náà dìde pẹ̀lú irun ìdajì. Ó bẹ dókítà pé kí wọ́n dín oògùn náà kù. Wọ́n dín in díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lè dá a dúró nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe ségesège. Nọ́ọ̀sì bi í pé ṣé ó ń mu nǹkan mìíràn. Ó ní rárá. Wọ́n sún kímò náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí a padà wá. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi gbogbo ẹnu bá a dáhùn pé kò mu nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lọ sí Alief. Mo ṣí fíríìjì láti wá àyè fún abọ́ ọbẹ̀. Ìgò omi mẹ́rin ló wà lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù mílíìkì. Omi inú wọn pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀.

Mi ò nílò láti tọ́ ọ wò. Àwọ̀ yẹn ni mò ń rí lórí tábìlì mi láti oṣù mẹ́ta. Mo gbé ìgò kan jáde, mo di í mú. Ó tutù. Mo dúró níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn fíríìjì wà ní ṣíṣí títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó jáde láti yàrá, ó rí mi.

“Ìgbà wo lo ti ń mu ún?”

“Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó.”

“Ìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù méjì. Oníbàárà mi kan ló bá mi mú un bọ̀ láti ilé. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni.”

“Mo sọ fún ọ! Mo jókòó níbí yìí, mo sọ fún ọ!”

“Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó pa á.” Kò pariwo. “Ẹ pè mí, ẹ ní ó pa gbogbo ẹ̀. Ohùn yín, Àǹtí mi. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu yín rí. Nígbà tẹ́ ẹ wá ń ṣàlàyé, ohùn dókítà lẹ fi ń ṣàlàyé.”

“Nínú àwo ni mo sọ pé ó pa á!”

“Ti inú àwo yẹn, ṣé kì í ṣe inú ara obìnrin bíi tèmi ni wọ́n ti mú un?”

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní kí n wò wọ́n, bí ẹni pé ènìyàn lè fi ojú rí i. “Mi ò mọ òòyà lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò lè fi ọwọ́ mi mọ̀ bóyá omi gbóná kí n tó da á sí ọmọ mi lára. Kímò yẹn ń gba ọwọ́ mi. Mo rò ó pé bí tiyín bá yára pa á, wọ́n á dá tiwọn dúró kí ọwọ́ mi tó lọ tán.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú fèrèsé ló wà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọlé. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè.

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún dókítà. Ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tí mo lọ ṣe nílé. Mo gbé e dìde, mo gbé ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò, mo gbé òun náà sínú mọ́tò, a sì bọ́ sórí fíríwéè lọ sí ọsibítù. Dókítà gba ìgò kan lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó bi mí pé kí gan-an ló wà nínú rẹ̀. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti mọ ìdáhùn yẹn, mo dúró síwájú rẹ̀, mo ní, “Mi ò tíì mọ̀.”

Wọ́n dá kímò dúró pátápátá, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè sinmi. Ó gba ju oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àbúrò mi kò gbé fóònù mi. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè mí láti ojú ọ̀nà, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, á ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ fún un láyè díẹ̀.” Kò dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan rí. Ì bá dá mi lẹ́bi, ara mi ì bá fúyẹ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo ṣe ìdánwò tí ọ̀gá ní kí n ṣe, tó yẹ kí n ti ṣe kíá, tí mo ń sún síwájú nítorí pé ẹrù iṣẹ́ pọ̀, àti nítorí pé mi ò fẹ́ mọ̀. Mo fi oje náà sí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àìsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo kán aró sí i. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Ó pa èyí, ó pa ìyẹn. Ọ̀gá pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé, ó jókòó tì mí, ó ní ohun tí kò bá lè mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ kò lè di oògùn. Ó mọ̀ nípa àbúrò mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì jẹ́ kí n sunkún títí ó fi tó. Ọjọ́ kejì, mo kọ àbọ̀ ìdánwò náà, ojú ewé méjì, a sì gbé àpò èèpo igi náà sínú àpótí.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sinmi tán, wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀. Mo bi dókítà, níta, nígbà tí àbúrò mi ń wọ aṣọ, pé ṣé nítorí pé a dá kímò dúró ni. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kéré jù fún ojú láti rí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ, pé kí n má ṣe fi ìyẹn pa ara mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ti lo gbogbo ayé mi láti máa wá èsì sí ìbéèrè, èyí nìkan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ jù, kò sì sí àwo tí mo lè gbé e sí.

Òun ló kọ́kọ́ pè mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ wá dirí fún ọmọ yìí. Ó ní ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.” Mo ní kó má fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ẹ̀sín kọ́, pé òun á máa sọ ohun tí màá ṣe. Mo lọ. Ọmọ náà jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, àbúrò mi dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, ó sì ń darí mi: “Ẹ pín in níbẹ̀. Ẹ mú díẹ̀ sí i. Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó rọ̀.” Odidi ọ̀sán la fi ṣe é. Ọmọ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì kùn pé ó ń dun òun, ó wá fi Yorùbá díẹ̀ tó ní bẹ̀ mí pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, rọra.” Nígbà tí mo parí, ìlà rẹ̀ wọ́ bí ipa ejò. Àbúrò mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn tí ọmọ náà ti sáré lọ wo dígí, ó ní, “Mi ò bínú sí yín mọ́.”

Mo ní, “Èmi ni kí o dárí jì.”

“Ẹ̀yin fẹ́ kí n yè ni. Èmi náà fẹ́ kí n yè. Kò sí ẹni tó ṣe ibi nínú wa.” Ó yí ojú sí ògiri. “Ó kàn dùn mí ni.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ lẹ́yìn náà. Ilé ló wà, kò fẹ́ ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ ti gbé tírélà jókòó, ó sì ń sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àárọ̀ ni, bíi aago mẹ́wàá, òjò ń rọ̀, ọmọ wà nílé ìwé. Mò ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ní ó ń gbẹ. Mo sọ̀rọ̀ kan, mi ò rántí ohun tí mo sọ mọ́, kò sì dáhùn. Mo pa ẹsẹ̀ kejì parí kí n tó gbójú sókè. Mo rò pé mo ti mọ̀, mo kàn fẹ́ parí rẹ̀ ni.

Houston níbí la sin ín sí. Bàbá wa kò rí ìwé gbà láti wá, wọ́n fi fóònù wo bí a ṣe ń gbé ọmọ wọn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí à ń túká, obìnrin kan tó máa ń dirí lọ́dọ̀ rẹ̀ wá dì mọ́ mi. Ó ń sunkún tọkàntọkàn. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oògùn ẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún un?”

Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn pé mo ti rí i, kò sì sí ẹni tó padà lọ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá.” Títí di òní, mo mọ̀ pé àwọn kan wà ní Alief tí wọ́n gbà pé mo fi oògùn du ọmọ ìyá mi.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe é. Mi ò ní èsì tó dára. Mo máa ń dán ti aláìlárùn wò ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti alárùn báyìí, mi ò sì ń pe ẹnikẹ́ni láti inú mọ́tò mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń mú ọmọ náà lọ sílé mi, kí ọkọ àbúrò mi lè sinmi.

Bàbá wa máa ń pè ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti dé Houston, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, “Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?” Wọn ò tíì lè fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, wọ́n ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?”, mo sì gbọ́ èémí wọn lórí fóònù.

Mo ní, “A wà, Bàbá.”

Wọ́n bi mí bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ní ó ti ń rọ̀.